Kindle, Kobo, Boox tàbí fóònù ọwọ́ yín: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa kàwé ní Àbújá?

Bí ẹ bá sọ fún ará Àbújá pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìkàwé, orúkọ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Kindle, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló wà lọ́jà. Kindle dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú orúkọ ẹ̀rọ: níbo ni ìwé tí ẹ fẹ́ kà yóò ti máa wá? Ẹnìkan ní káàdì dọ́là, ìwé tuntun ló sì ń rà láti òkè òkun. Ẹlòmíràn, fáìlì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ẹnìkan fẹ́ ka Yorùbá tí àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Ti ẹlòmíràn, PDF tí wọ́n ya látinú ìwé àtijọ́ ni gbogbo ohun tó fẹ́ kà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè tẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́rùn. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi tí ìwé yín ń gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ iye owó àti bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó tó ní ìtumọ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé ìgbà wo lẹ máa ń ráyè. Níhìn-ín, àyè kì í ṣe odidi. Ó lè jẹ́ inú bọ́ọ̀sì láti Kúbwá lọ sí Central Area, ó lè jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, tàbí inú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kàdúná. Ó lè jẹ́ orí ìjókòó ní ọ́fíìsì ìjọba nígbà tí ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kò tíì dé. Ó sì lè jẹ́ alẹ́, nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó bá ṣe é fà yọ kíá ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni yóò mú kí ẹ ka ìwé dópin. Èyí tí ẹ ní láti kọ́kọ́ wá iná fún, kí ẹ tún wá dátà fún, kò ní pẹ́ di ohun ìsàlẹ̀ àpótí.

Fóònù ńkọ́?

Fóònù ti wà lọ́wọ́ wa, áàpù bíi ReadEra sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń ṣí fáìlì ìwé bíi EPUB àti PDF. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí kò tíì máa kàwé déédéé fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ìwé kan sórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó kà á tán. Bí ẹ bá kà á tán, owó ẹ̀rọ ìkàwé kò ní ṣòfò. Bí ẹ kò bá sì kà á tán, ẹ má tètè dá ara yín lẹ́bi pé ẹ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìwé, torí fóònù gan-an lè jẹ́ ìdènà.

Ìdènà àkọ́kọ́ ni WhatsApp. Ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: ojú ìwé méjì kò ní tán kí ọ̀kan nínú wọn má dún. Ẹ lè pa dátà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka ti mọ ọ̀nà ibi tó máa ń tẹ̀. Ìdènà kejì ni oòrùn. Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀ síta, oòrùn ọ̀sán Àbújá sì lágbára jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó kí a tó lè rí nǹkan kà ní ìta. Ìkẹta ni bátìrì, tí a ní láti tọ́jú fún ìpè, fún fífi owó ránṣẹ́ àti fún iná tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ilé bá ṣókùnkùn.

Ojú ẹ̀rọ ìkàwé kò rí bẹ́ẹ̀. E Ink ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará yunifásítì MIT dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997 ló ṣe é. Inú rẹ̀ kún fún àwọn ìṣù kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ìyẹ̀fun dúdú àti ìyẹ̀fun funfun wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iná díẹ̀ ló ń fa dúdú tàbí funfun sókè láti kọ lẹ́tà. Bí lẹ́tà bá ti jókòó, kò nílò iná mọ́ títí ẹ ó fi ṣí ojú ìwé tó kàn. Lẹ́tà rẹ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ síta bíi ti fóònù, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé e ni a fi ń rí i, nítorí náà ni oòrùn kì í fi í ṣe é ní ohunkóhun. Bí ìta bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni lẹ́tà ṣe ń hàn kedere tó. Nítorí pé lẹ́tà tó ti jókòó kì í jẹ iná sì ni cháàjì fi ń pẹ́. Amazon sọ pé Kindle kékeré yóò lo ọ̀sẹ̀ 6, Paperwhite, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò lo ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò yìí o: ìdajì wákàtí lójúmọ́ ni wọ́n fi ṣe é, Wi-Fi sì wà ní pípa. Ẹni tó ń ka wákàtí méjì lálaalẹ́ á fi mẹ́rin pín in, ìyẹn bí ọjọ́ mẹ́wàá fún èyí tó kéré. Nínú ilé tí iná ti ń wá tó ń lọ, ọjọ́ mẹ́wàá láìwá ihò iná kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìwé bébà kò tíì kúrò níbẹ̀ ṣá. Òun ló rọrùn jù láti yá ọ̀rẹ́, kò sì nílò cháàjì láéláé. Ẹni tó bá ń rí ìwé òkìrìkà tó dára rà lójú ọ̀nà, tí kò sì máa rìnrìn àjò, kò pọn dandan kó ra ẹ̀rọ kankan.

Kindle àti Kobo

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà jù, torí àwọn méjèèjì jọra ní ojú, wọ́n sì yàtọ̀ gidi ní ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọlé.

Amazon ló gbé Kindle àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá 2007, ilé ìtajà rẹ̀ sì tóbi. Ìwé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ ní London tàbí New York máa ń wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tó bá jáde, nígbà tí ti bébà ṣì ń bọ̀ lórí omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sanwó, ó dé. Kobo bẹ̀rẹ̀ ní Toronto ní 2009, ilé-iṣẹ́ Rakuten ti Japan ló ni ín báyìí, òun náà sì ní ilé ìtajà tirẹ̀. Wàhálà ìsanwó kan náà ló wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: owó òkèèrè ni wọ́n ń gbà, káàdì náírà lè kọjá lónìí kó má kọjá lọ́la. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ ṣí àkáǹtì sórí fóònù, kí ẹ ra ìwé tó pọ́ọ́kú jù lọ níbẹ̀, kí ẹ kà á nínú áàpù wọn. Bí káàdì yín bá kọjá, ẹ ti mọ̀. Bí kò bá kọjá, ẹ mọ̀ kí owó ńlá tó jáde.

Ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn nígbà tí ìwé kò bá ti ilé ìtajà wọn wá. EPUB ni irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ayé fi ń ṣe ìwé orí ẹ̀rọ. Lórí Kobo, ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ da EPUB sínú rẹ̀, ẹ yọ wáyà, ìwé ti wà níbẹ̀. Kò bèèrè dátà. Kindle kì í ṣí EPUB tí ẹ bá fi wáyà dà sí i. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yí i padà sí irú mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Send to Kindle, ètò ìfiránṣẹ́ Amazon, kí Amazon yí i padà lọ́dọ̀ wọn, kó tó sọ̀ sórí ẹ̀rọ yín nípasẹ̀ Wi-Fi. Hotspot fóònù yín tó fún un, ìwé kan kì í sì í jẹ dátà púpọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Amazon ni ẹ̀rọ náà wà ní gbogbo ìgbà, èyí sì ń ká mi lára. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n mú ọ̀nà tí ènìyàn fi ń gba fáìlì ìwé tó ti rà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó lè fi wáyà dà á sórí Kindle, kúrò.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. OkadaBooks, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa gbé ìwé sí, kógbá sílé ní oṣù kọkànlá 2023. Bí ìwé bá jẹ́ fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín, kò sí ilé ìtajà tí yóò tì tí yóò kó o lọ.

Fún ìwé ọ̀fẹ́ tó bá òfin mu, Project Gutenberg tí Michael Hart bẹ̀rẹ̀ ní 1971 ní ìwé tó lé ní 70,000, EPUB sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wọn ti parí ni wọ́n. Ẹ fi Calibre sórí kọ̀ǹpútà, áàpù ọ̀fẹ́ tí Kovid Goyal ará Íńdíà ṣe, yóò máa to ìwé yín, yóò sì máa yí fáìlì padà láti irú kan sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà síbẹ̀: ìwé òǹkọ̀wé tó wà láàyè tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, olè jíjà ni. Òǹkọ̀wé wa ló ń jẹ gbèsè rẹ̀. Bí ẹ bá rí owó ra ẹ̀rọ, ẹ rántí owó ìwé.

Ẹni tó ní káàdì ilé-ìkàwé ìlú òkèèrè, bóyá nítorí pé ó ti gbé ibẹ̀ rí, lè yá ìwé láti Àbújá nípasẹ̀ OverDrive. Ó ti wà nínú Kobo. Lórí Kindle, àwọn ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà nìkan ni.

Àmì ohùn lójú ẹ̀rọ

Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín kò ní sọ èyí, torí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n, fọ́ǹtì ló ní láti gbé àmì náà lé orí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ iṣẹ́ yìí, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò gun lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kẹ̀ àpótí òfìfo yóò dúró níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà. Ojú ìwé kan nínú irú rẹ̀ ti tó láti mú kí ènìyàn pa ìwé Yorùbá dé, kó gba ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn, kò sì gba owó. Kindle àti Kobo méjèèjì gba kí ẹ fi fọ́ǹtì tiyín kún un. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wá fódà tí wọ́n pè ní fonts. Bí kò bá sí lórí Kobo, ẹ fúnra yín dá a sílẹ̀. Ẹ da Noto Serif, Gentium tàbí Charis SIL sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé ẹ àti ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé, ẹ tẹ Aa, ẹ yan fọ́ǹtì náà. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ lọ́jà, ẹ ti kọ gbólóhùn kan sínú fáìlì, fún àpẹẹrẹ: “Ọmọ Ọ̀yọ́ fẹ́ jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀.” Ẹ wò ó bóyá gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ. Ti PDF tí wọ́n yà ní àwòrán kò kan fọ́ǹtì, bó ṣe wà nínú ìwé ni yóò ṣe jáde.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Àwọn ọmọ tí a bí sí Gwarinpa àti Lugbe ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, wọ́n ń gbọ́ Haúsá ní ọjà, Yorùbá sì jẹ́ ti inú ilé nìkan. Bí wọn kò bá rí i kà níbikíbi, ti ẹnu ni yóò mọ. Ìwé Yorùbá ní EPUB kò pọ̀ lóòótọ́. African Storybook ní ìtàn ọmọdé ní Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, òbí sì lè tẹ àlọ́ tí òun mọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó fi Calibre sọ ọ́ di EPUB, kó gbé e fún ọmọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Lórí èyí nìkan, Kobo ṣáájú lójú mi, torí EPUB yẹn ń wọ inú rẹ̀ tààrà, ẹ kò ní láti tún ìtàn ìyá yín yí padà tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí Amazon kí ó tó padà wá bá yín.

Àwòrán inú ìtàn ọmọdé yóò di dúdú àti eérú lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Kobo Clara Colour àti Libra Colour ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti aláìláwọ̀ lọ. Fún ìwé àgbà, àwọ̀ kò pọn dandan.

Wọ́n rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Àwọn mẹ́rin tí mo máa fi wéra nìyí. 2024 ni gbogbo wọn jáde, iye dọ́là tí mo kọ sì ni èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ti Àbújá yóò tẹ̀lé iye tí dọ́là bá wà, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti èrè.

Kindle kékeré: ínǹṣì 6, 16 GB, gíráàmù 158. Iná rẹ̀ funfun nìkan, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bíi dọ́là 110, pẹ̀lú ìpolówó ọjà lójú rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn.

Kindle Paperwhite: ínǹṣì 7, 16 GB, gíráàmù 211. Ẹ lè yí iná rẹ̀ sí pupa rúsúrúsú bíi ti àtùpà lálẹ́, omi kì í sì í tètè bà á jẹ́. Bíi dọ́là 160, pẹ̀lú ìpolówó bákan náà.

Kobo Clara BW: ínǹṣì 6, 16 GB, gíráàmù 174. Iná rẹ̀ ń yí padà, omi kì í tètè bà á jẹ́, kò ní ìpolówó lójú. Bíi dọ́là 130. Kobo ti bá iFixit, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣe àdéhùn kí ẹ̀yà ara rẹ̀ lè wà fún títún ṣe.

Boox Go 6: ínǹṣì 6, 32 GB. Android ni, ó sì ní Google Play. Bíi dọ́là 150.

Ìyàtọ̀ Kindle kékeré sí Paperwhite kò tó kí a máa jà lé lórí, àfi iná. Ẹni tó ń kàwé nínú àwọ̀n ẹ̀fọn lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò mọ iyì iná tó rọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì ọ̀sán nìkan ló ti ń kàwé, kó ra èyí tó kéré, kó fi ìyókù owó ra ìwé.

Boox dà bí ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, torí ẹ lè fi áàpù Kindle àti ti Kobo sórí rẹ̀ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti àwọn yòókù, ó máa ń lọ́ra, ọjọ́ tí ẹ bá sì fi WhatsApp sórí rẹ̀ ni ẹ ti ra fóònù kejì. Fún ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò ni. Àwọn tí PDF ni gbogbo ìwé wọn, bíi akẹ́kọ̀ọ́ àti agbẹjọ́rò, kí wọ́n má ra ínǹṣì 6 tàbí 7 rárá, ìyẹn èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rin yìí. Ojú ìwé A4 kò lè wọ ibẹ̀, ẹ ó kàn máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Bíi ínǹṣì 10 ló tó, irú Kindle Scribe tàbí Kobo Elipsa, owó wọn sì ga púpọ̀. Táblẹ́ẹ̀tì lásán á ṣe iṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá, tó ní kọ̀ǹpútà nílé tàbí níbi iṣẹ́, Clara BW ni. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, tí káàdì yín sì ń kọjá, Paperwhite ni, torí gbogbo rẹ̀ ni fóònù lè ṣe. Àbùkù Clara ni pé kò wọ́pọ̀ ní ọjà wa; ẹni tó ń bọ̀ láti Kánádà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa rán. Kindle wà káàkiri, àpò rẹ̀ náà sì wà káàkiri.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ Kindle tí ẹ máa rí ní Banex Plaza ní Wuse 2 jẹ́ tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ̀rọ ìkàwé kì í tètè gbó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ọdún tó jáde. Kindle kékeré tó ti jáde ṣáájú 2019 kò ní iná rárá, òkùnkùn NEPA yóò sì fìyà jẹ yín. Àwọn tó ní bọ́tìnnì lẹ́tà lábẹ́ ojú kò lè ra ìwé lórí ara wọn mọ́ láti oṣù kẹjọ 2022. Ẹ wo ẹnu cháàjì pẹ̀lú: Paperwhite ti 2021 àti Kindle kékeré ti 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo USB-C, tó jẹ́ pé wáyà fóònù yín á ṣe é. Àwọn tó ṣáájú ń lo ẹnu kékeré àtijọ́ tí wáyà rẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n.

Ojú E Ink lè fọ́ nínú kí òde rẹ̀ má sán. Ẹ ṣí ojú ìwé bíi mẹ́wàá léra wọn, kí ẹ wá ìlà tí kì í kúrò tàbí igun kan tí kì í yí padà. Kò sí ẹni tó ń tún ojú yẹn ṣe ní owó tó mọ́gbọ́n dání. Ẹ ra àpò olómorí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìfúnpọ̀ inú báàgì àti nítorí eruku ọyẹ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni Amazon fi ṣe òpin ooru tí Kindle lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn á sì ti kọjá ibẹ̀ kí ẹ tó rìn dé ọ́fíìsì.

Ti ìkẹyìn ni èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò. Kindle tó ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn, tàbí tí olówó rẹ̀ ti sọ fún Amazon pé ó sọnù, kò ní gba orúkọ yín. Ẹ tan hotspot fóònù yín níbẹ̀, ẹ fi àkáǹtì tiyín wọlé lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi ìwé ọ̀fẹ́ kan ránṣẹ́ sí i kó dé lójú yín. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó sanwó, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.